p12, PEM, DER, p7b: èwo ni kí ẹ mú fún kọ́kọ́rọ́ ímeèlì yín?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí S/MIME láti máa fi ti ímeèlì rẹ̀ pa, fáìlì kan ni wọ́n sábà máa ń kó lé e lọ́wọ́, .p12 tàbí .pfx. Kì í pẹ́ tí ìbéèrè fi ń dé. Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí i ní kó fi .cer ránṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó sáfà (server) ọ́fíìsì ní PEM lòun fẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó fún un ní ìwé-ẹ̀rí náà tún so .p7b kan mọ́ ọn, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Orúkọ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun méjì péré ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wà nínú fáìlì náà? Ta ló sì máa ṣí i? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn sí méjèèjì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kọ́kọ́rọ́ gbangba ni àwọn ẹlòmíì fi ń ti ímeèlì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín. Inú ìwé-ẹ̀rí ló wà, pẹ̀lú àdírẹ́sì ímeèlì yín, ọjọ́ tó máa kú, àti ìbuwọ́lù ilé-iṣẹ́ tó jẹ́rìí sí i. Kò sóhun tó burú bí gbogbo ayé bá rí i. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lẹ fi ń ṣí ímeèlì náà, òun náà lẹ fi ń buwọ́ lu èyí tí ẹ bá kọ. Ẹni tó bá rí i gbà lè ka lẹ́tà yín, ó sì lè fọwọ́ sí ìwé lórúkọ yín. Tí a bá yí fáìlì padà láti irú kan sí òmíràn, ohun tó gbé e ló yí, kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ kò yí. Nítorí náà, ìwé-ẹ̀rí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ò ní jí dìde nítorí pé a sọ ọ́ di PEM, bẹ́ẹ̀ ni .cer tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ nínú ò lè di .p12 tó ṣeé lò, bó ti wù kí ẹ yí i padà tó.

Fún ẹni tó ń kánjú:

| Irú fáìlì | Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? | Ta ló wà fún? |
|---|---|---|
| .p12, .pfx | Ó sábà máa ń wà níbẹ̀, pẹ̀lú páàsíwọ́ọ̀dù | Ẹ̀yin fúnra yín: Thunderbird, Outlook, iPhone, Mac |
| .pem | Ó lè wà, ó lè má sí | Sáfà, Linux, ẹni tó ń lo OpenSSL (ètò tí a ń tẹ àṣẹ fún láti yí irú fáìlì wọ̀nyí padà) |
| .cer, .crt | Kò sí | Ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sí yín |
| .p7b | Kò sí | Láti kó ìwé-ẹ̀rí àwọn tó jẹ́rìí síi yín pọ̀ |

PEM àti DER

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù. DER ni ìwé-ẹ̀rí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á ní tààrà, báìtì lásán. PEM ni báìtì kan náà tí a fi Base64 kọ kó lè di lẹ́tà tó ṣeé tẹ̀, tí a sì fi ìlà `-----BEGIN CERTIFICATE-----` ṣáájú rẹ̀ àti ìlà END tẹ̀ lé e. Gàárì inú àpò àti gàárì inú abọ́ ni, gàárì kan náà ni. Báìtì mẹ́ta ló ń di lẹ́tà mẹ́rin nínú Base64, ìdí nìyẹn tí PEM fi máa ń tóbi ju DER lọ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kílóbáìtì díẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí kan, ẹ má tìtorí ìyẹn dààmú.

Ìtàn PEM dùn mọ́ mi. Ní 1993 ni wọ́n tẹ RFC (ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì) 1421 títí dé 1424 jáde, tí wọ́n ṣàlàyé ètò Privacy-Enhanced Mail tí àwọn èèyàn ó máa fi ti ímeèlì pa. Ètò náà ò rìn jìnnà. Bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì rẹ̀ ló kù sílẹ̀ fún wa, tí gbogbo wẹ́ẹ̀bù ń lò dòní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ohun tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì. `.cer` lè jẹ́ PEM, ó sì lè jẹ́ DER. Lórí Windows, tí ẹ bá fẹ́ gbé ìwé-ẹ̀rí jáde, wọ́n á ní kí ẹ mú "DER encoded binary" tàbí "Base-64 encoded", méjèèjì á sì jáde pẹ̀lú .CER. Ẹ má gba orúkọ gbọ́, inú fáìlì ni kí ẹ wò. Ẹ fi Notepad ṣí i: bí ẹ bá rí BEGIN, PEM ni. Bó bá jẹ́ wúruwùru lẹ rí, DER ni, ẹ tì í láìṣe "Save". Àmì mìíràn tún wà tí ojú tó ti mọ́ ọn á tètè rí: ìwé-ẹ̀rí tó wà ní PEM fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MII lábẹ́ ìlà BEGIN, nítorí pé báìtì 30 àti 82 (ní òǹkà hexadecimal) ni DER rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

Láti DER sí PEM:

`openssl x509 -inform der -in iwe.cer -out iwe.pem`

Láti PEM sí DER:

`openssl x509 -in iwe.pem -outform der -out iwe.cer`

Èwo ni kí ẹ mú? PEM, àyàfi bí ẹni tó fẹ́ gbà á bá ní DER lòun fẹ́. PEM ṣeé wò lójú, ó ṣeé fi ìwé-ẹ̀rí púpọ̀ sínú fáìlì kan, àwọn tó ń bójú tó sáfà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ so ó mọ́ ímeèlì gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, ẹ má dà á sínú ọ̀rọ̀ orí áàpù tó lè tún àmì kọ. Dáàṣì márùn-ún ló gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìlà BEGIN. Bí ọ̀kan bá já, OpenSSL á ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

.p12 àti PEM tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. `.p12` àti `.pfx`, nǹkan kan náà ni. PFX lorúkọ tí Microsoft ń pè é. RSA Laboratories ló ṣe PKCS#12, ó sì di RFC 7292 ní 2014. Nínú fáìlì kan ló ti ń kó kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín, ìwé-ẹ̀rí yín, àti ìwé-ẹ̀rí àwọn agbedeméjì tó so yín mọ́ ilé-iṣẹ́ tó jẹ́rìí, tó sì fi páàsíwọ́ọ̀dù ti gbogbo rẹ̀. Thunderbird, Outlook, iPhone, Keychain orí Mac, àti Gmail ti Workspace níbi tí wọ́n ti gba S/MIME láàyè, gbogbo wọn ló ń béèrè .p12 tó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tiyín lẹ fẹ́ kó wọlé. Ẹni tó kàn fẹ́ máa ka ímeèlì rẹ̀ lórí fóònù àti lórí láàpútọ́ọ̀pù kò nílò ohun mìíràn. Kó má wulẹ̀ wá PEM lọ.

Ẹni tó nílò PEM ni ẹni tó ń lo mutt (áàpù ímeèlì tí a ń fi àṣẹ lò), ẹni tó ń kọ skíríìpù, tàbí ẹni tí sáfà rẹ̀ ń buwọ́ lu ímeèlì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ìṣòro PEM ni pé kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹni tó ni ín má sì fura.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá tú .p12 kan:

`openssl pkcs12 -in temi.p12 -out gbogbo.pem`

Páàsíwọ́ọ̀dù mẹ́ta ni OpenSSL á béèrè, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dá wọn rú. "Import Password" àkọ́kọ́ ni ti .p12 fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ fi gbà á. "PEM pass phrase" tó tẹ̀ lé e jẹ́ tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa yàn án, òun ni yóò máa ti kọ́kọ́rọ́ inú PEM. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kàn ní kí ẹ tún un tẹ̀ ni. Bí ẹ bá wá ṣí gbogbo.pem, ẹ ó rí ìlà "Bag Attributes", lábẹ́ rẹ̀ "friendlyName" àti "localKeyID", lẹ́yìn náà `-----BEGIN ENCRYPTED PRIVATE KEY-----` àti ìwé-ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi `-noenc` kún àṣẹ yẹn, tàbí `-nodes` tí OpenSSL àtijọ́ ń lò, ìbéèrè kan péré ni wọ́n á bi yín, ọ̀rọ̀ ENCRYPTED yẹn á sì pòórá. `BEGIN PRIVATE KEY` lásán ló kù. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá da fáìlì yẹn kọ ti gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ.

`-noenc` pọ̀ nínú ìtọ́ni tí àwọn èèyàn ń dà kọ kiri. Ó wúlò fún sáfà tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ẹni tó máa tẹ páàsíwọ́ọ̀dù, tí `chmod 600` (àṣẹ tó ní kí ẹni tó ni fáìlì nìkan lè kà á) sì wà lórí fáìlì náà. Lórí láàpútọ́ọ̀pù tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ilé jọ ń lò, mi ò rí ìdí rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì ti wà ní ìhòòhò tẹ́lẹ̀, ẹ tì í padà:

`openssl pkcs8 -topk8 -in kokoro.pem -out kokoro-titi.pem`

Àṣẹ kan náà á tún `BEGIN RSA PRIVATE KEY` ti àtijọ́ ṣe. PKCS#1 nìyẹn, PKCS#8 ló ń sọ ọ́ dà, òun sì ni kí ẹ mú láàárín méjèèjì.

Àwọn ìlà Bag Attributes kò pa OpenSSL lára, àmọ́ àwọn ètò mìíràn kì í fẹ́ rí wọn. Ẹ ti ìwé-ẹ̀rí gba inú `openssl x509`, kọ́kọ́rọ́ gba inú `openssl pkey`, wọ́n á jáde ní mímọ́. Ẹ kàn rántí pé ìhòòhò ni `openssl pkey` máa kọ kọ́kọ́rọ́ náà síta tí ẹ ò bá fi `-aes256` kún un.

Láti PEM padà sí .p12:

`openssl pkcs12 -export -inkey kokoro.pem -in iwe.pem -certfile agbedemeji.pem -out tuntun.p12`

Ẹ má fojú fo `-certfile`. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, .p12 náà á ṣì wọlé, ẹ ó ṣì lè ka ímeèlì yín, gbogbo nǹkan á sì dà bí ẹni pé ó dára. Ẹni tí ẹ kọ̀wé sí ló máa rí i pé ètò òun ò gba ìbuwọ́lù yín gbọ́, torí pé ìwé-ẹ̀rí agbedeméjì tó yẹ kó so yín mọ́ ilé-iṣẹ́ tó jẹ́rìí kò bá a lọ. Bí OpenSSL bá sì sọ pé kò sí ìwé-ẹ̀rí tó bá kọ́kọ́rọ́ náà mu, ẹ ṣe àyẹ̀wò méjèèjì:

`openssl x509 -in iwe.pem -noout -pubkey`

`openssl pkey -in kokoro.pem -pubout`

Ohun tí àṣẹ méjèèjì bá kọ síta gbọ́dọ̀ bára mu láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ìwé-ẹ̀rí mìíràn lẹ mú, bóyá ti ọdún tó kọjá.

.p12 àtijọ́ àti .p12 tuntun

Èyí ni kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìtọ́ni, òun ló sì ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Kí OpenSSL 3.0 tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, RC2 oníbíìtì 40, ọ̀nà ìtìpa àtijọ́ kan, ló fi ń ti ìwé-ẹ̀rí inú .p12, ó ń fi 3DES ti kọ́kọ́rọ́, SHA-1 ló sì fi ń ṣọ́ gbogbo fáìlì. Láti 3.0, AES-256 àti SHA-256 ló gba ipò wọn. Tuntun lágbára jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ fáìlì ò yí padà, kò sì sí ohun tó máa sọ fún yín pé èyí ni ti ìsinsìnyí.

Ohun tí ẹ lè rí ni pé Keychain orí Mac á máa kígbe "MAC verification failed during PKCS12 import (wrong password?)" (MAC yìí ni àmì tó ń ṣọ́ fáìlì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà Mac), bẹ́ẹ̀ páàsíwọ́ọ̀dù yín tọ̀nà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbà. Windows Server 2016 náà kì í gba ti AES. Ó tún lè yí bìrí: tí ẹ bá fi OpenSSL tuntun ṣí .p12 tí wọ́n ṣe fún yín láyé RC2, á ní òun ò mọ RC2-40-CBC mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló yanjú méjèèjì, `-legacy`:

`openssl pkcs12 -legacy -in atijo.p12 -out gbogbo.pem`

`openssl pkcs12 -export -legacy -inkey kokoro.pem -in iwe.pem -certfile agbedemeji.pem -out fun-mac.p12`

Ẹ kọ́kọ́ tẹ `openssl version` wò. Èyí tó bá Mac wá, LibreSSL ni, kì í ṣe OpenSSL gan-an, nítorí náà ẹ má retí pé gbogbo àṣẹ tí mo kọ síbí á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe wà.

Bí wọ́n bá ní kí n yàn, ti AES ni màá kọ́kọ́ ṣe. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ̀ ọ́, màá ṣe ti àtijọ́ fún ẹ̀rọ yẹn nìkan, pẹ̀lú páàsíwọ́ọ̀dù gígùn, màá sì pa á rẹ́ tó bá ti wọlé tán. Fáìlì RC2 kọ́ ló yẹ ká fi pa mọ́ sórí Google Drive fún ọdún gbọọrọ.

.p7b, .p7s, .p7m

Àwọn mẹ́ta yìí jọra lórúkọ, iṣẹ́ wọn ò jọra. `.p7b` kó ìwé-ẹ̀rí jọ láìní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Ohun tí ẹ máa fi í ṣe ni pé kí ẹ yọ àwọn agbedeméjì inú rẹ̀ fún `-certfile` òkè yẹn:

`openssl pkcs7 -inform der -in ile.p7b -print_certs -out agbedemeji.pem`

Bó bá jẹ́ pé BEGIN PKCS7 lẹ rí nínú rẹ̀, ẹ yọ `-inform der` kúrò.

`smime.p7m` kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí rárá. Ímeèlì tí wọ́n tì pa gan-an ni. Ẹni tí áàpù ímeèlì rẹ̀ kò mọ S/MIME ló máa ń rí i bíi fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà òfìfo, tó wá ń wá ohun tó máa yí i padà sí PDF. Kò sí ohun tí ẹ máa yí níbẹ̀. Áàpù tí kọ́kọ́rọ́ yín wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣí lẹ́tà náà.

`smime.p7s` ní tiẹ̀ ni ìbuwọ́lù, ìwé-ẹ̀rí ẹni tó kọ̀wé sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ .cer pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ kọ ímeèlì kan tí ẹ buwọ́ lù sí ẹnì kejì yín, kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Thunderbird á mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ láti inú ìbuwọ́lù, Outlook náà á mú un bí ẹ bá fi ẹni náà pa mọ́ sínú Contacts. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ti lẹ́tà pa síra yín láìyí fáìlì kankan.

Kí lẹ máa fi yí i?

Ẹni tí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ń dẹ́rù bà kò nílò OpenSSL fún gbogbo nǹkan. Lórí Windows, ẹ tẹ `certmgr.msc`, ẹ wá inú Personal, ẹ ó rí Export. Bí "Yes, export the private key" bá ṣókùnkùn tí kò ṣeé tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ wọlé, wọn ò mú àyè tó ní kó ṣeé gbé jáde. Kò sí irú fáìlì tó máa yanjú ìyẹn. Ẹ padà sí .p12 àkọ́kọ́. Nínú Thunderbird, ibi tí ìwé-ẹ̀rí yín wà, Backup ló máa fún yín ní .p12. Keychain Access náà ń gbé .p12 jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó fún ìwé-ẹ̀rí ara ẹni. OpenSSL ló ń jẹ́ dandan nígbà tí PEM bá wọ ọ̀rọ̀, tàbí nígbà tí wàhálà RC2 àti AES bá dé.

Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n dá sórí káàdì tàbí YubiKey (ohun kékeré bíi fíláàṣì tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́) ní tirẹ̀ kì í jáde. Kò ní .p12, torí ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rà á.

Àwọn ìkànnì tó ní àwọn á bá yín yí PFX padà sí PEM lọ́fẹ̀ẹ́ wà. Ẹ lè fún wọn ní .cer. Ẹ má fún wọn ní .p12, kódà bí wọ́n bá búra pé àwọn kì í tọ́jú fáìlì, nítorí pé ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ àti páàsíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ pọ̀. Ohun kan náà ni WhatsApp tí .p12 wà nínú rẹ̀, tí páàsíwọ́ọ̀dù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Bó bá jẹ́ PGP ńkọ́?

PGP ni ètò mìíràn tí a fi ń ti ímeèlì pa. `.asc` àti `.gpg` ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìbátan wọn sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti PEM àti DER. `gpg --dearmor` ló ń sọ .asc di báìtì. Àmọ́ ẹ má ṣe wá bí .p12 ṣe máa di .asc. Ilé-iṣẹ́ ló ń jẹ́rìí síi yín nínú S/MIME, àwọn tó mọ̀ yín ló ń jẹ́rìí síi yín nínú PGP, ẹ̀rí yẹn ò sì ṣeé gbé láti ibì kan dé èkejì. Ẹni tó nílò méjèèjì á ṣe kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ìgbà tí Thunderbird 78 ti jáde ní 2020 ló ti ní OpenPGP tirẹ̀, kì í sì í wo inú àpótí GnuPG, ètò tó ni àṣẹ `gpg`, fún àwọn kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ fi `gpg --armor --export-secret-keys` gbé e jáde, kí ẹ wá kó o wọlé níbẹ̀.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jù nù

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni òfin CA/Browser Forum, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tó ń ṣe ètò wẹ́ẹ̀bù, fún S/MIME ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lábẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń pè ní Strict àti Multipurpose, ìwé-ẹ̀rí kò lè kọjá ọjọ́ 825. Tí ẹ bá ń fi kọ́kọ́rọ́ tuntun gba ìwé-ẹ̀rí tuntun, ẹ ó máa ní .p12 mìíràn ní bí ọdún méjì-méjì. Ìwé-ẹ̀rí tó ti kú kò ṣeé fi buwọ́ lù mọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìkan ló lè ṣí lẹ́tà tí wọ́n fi í tì. Ẹni tó bá pa .p12 ọdún 2022 rẹ́ ti sọ lẹ́tà ọdún yẹn di ohun tí kò lè kà mọ́, ilé-iṣẹ́ tó fún un níwèé-ẹ̀rí kò sì lè ràn án lọ́wọ́ bí kò bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ náà, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ fi ọdún sínú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, `ise-2024.p12`, `ise-2026.p12`. Kí ẹ tó gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́ mọ́ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ gbé gbogbo wọn jáde sórí fíláàṣì, ẹ kó wọn wọ inú Thunderbird lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì ṣí lẹ́tà àtijọ́ kan níbẹ̀. Bó bá ṣí, ẹ lè wá pa àwọn PEM tí ẹ fi ṣiṣẹ́ rẹ́.